Aṣọ Tí Ìyá Onírọ́bà Gé Fún Ọkọ Ọmọ Rẹ̀

Bí ẹ bá rí obìnrin tó ní kò sí ohun tó le nínú kí èèyàn fẹ́ òmùwẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ti fẹ́ ọ̀kan rí. Ìyá Onírọ́bà ti fẹ́ ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló gé aṣọ tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ lọ sínú òkun lọ́jọ́ tí kò padà wálé mọ́, aṣọ dúdú kan tó gba ara rẹ̀ gẹ́lẹ́, tí kò síbi tó ṣù, tí kò síbi tó fún. Wọn ò rí ọkùnrin náà, wọn ò sì rí aṣọ náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí fún un ṣì ń rá lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ nígbà yẹn.

Ìyá náà kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò mọ òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópó kan tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí etí omi, ó gùn, ó rí tóóró, ó sì ń rùn fún gọ́ọ̀mù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Aṣọ rọ́bà tí àwọn òmùwẹ̀ fi ń bá òtútù abẹ́ omi jà ló ń gé níbẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í ṣe àwọn tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́yìn. Àwọn tirẹ̀ á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á di èémí náà mú, wọ́n á sì forí sọlẹ̀ lọ wá ẹja pẹ̀lú ìbọn tó ń ta ọ̀kọ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù náà ni ọmọ rẹ̀ dàgbà sí. Nítorí pé téèpù ìwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, gbogbo òpópó ń pè é ní Téèpù, ó sì ń jẹ́ wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀, ọkùnrin kan wọlé, ó ní òun fẹ́ aṣọ. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é létí omi, torí kò sí ohun tó ń kán an lójú. Bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀. Ọ̀kọ̀ ló fi ń pa ẹja, àwọn ilé oúnjẹ ló sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ti gbó, omi ti ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ó ní kí Téèpù fún òun ní èyí tó dára jù lọ.

Téèpù kò gbójú sókè. Ó ní kò sí èyí tó dára jù lọ, omi tí èèyàn bá fẹ́ wọ̀ ló ń yan aṣọ fún un. Ó na rọ́bà tín-ínrín fún un, èyí tó wà fún omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó na èyí tó wà láàárín, ó sì tọ́ka sí ìdì kan tó nípọn lókè àjà, tí wọn kì í sábà sọ̀ kalẹ̀, torí àwọn tí omi tiwọn tutù bí irin nìkan ló ń béèrè rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní ṣé kì í ṣe èyí tó nípọn ló yẹ kí òun rà, kó lè pẹ́ lára òun. Ìgbà yẹn ni Téèpù tó wò ó lójú.

Ó ní, “Rọ́bà yìí, afẹ́fẹ́ wínníwínní ló kún inú rẹ̀, bíi fóòmù bẹ́ẹ̀dì. Bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe máa gbé yín léfòó tó, bẹ́ẹ̀ náà ni òjé tí ẹ máa so mọ́ bẹ́líìtì ṣe máa pọ̀ tó kí ẹ tó lè rì. Tí ẹ bá wá dé ìsàlẹ̀, omi á tẹ rọ́bà náà pẹlẹbẹ, kò ní lè gbé yín mọ́. Òjé ní tiẹ̀, kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi aṣọ nínípọn ṣe fáàrí.”

Jẹ́jẹ́ béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní ẹni tó bí òun ni. Ọkùnrin náà wá yan rọ́bà àárín, ó ní àwọ̀ wo ló máa bá òun mu nínú àwọ̀ ewéko àti àwọ̀ àpáta. Téèpù ní ẹja ló máa wò ó, kó lọ bi ẹja.

Ìwọ̀n aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n ṣòkòtò. Wọ́n á wọn ọrùn, ọrùn ọwọ́, ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún, abẹ́ apá, àti orí pẹ̀lú, torí fìlà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Téèpù bi í pé ibo láyà ló máa ń fi ìdí ìbọn tì tó bá ń fa okùn rẹ̀, kí òun lè fi rọ́bà mìíràn lé e níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń wọn àyà, nígbà tí èémí wà nínú rẹ̀ àti nígbà tí kò sí. Jẹ́jẹ́ fa èémí sínú, téèpù náà sì ń yọ́ lọ láàárín ìka ọmọbìnrin náà. Téèpù dúró kí ó mí jáde. Kò mí. Ó dúró títí àyà tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí.”

Jẹ́jẹ́ mí, ó sì rẹ́rìn-ín. Téèpù kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀, ó ṣì í kọ, ó tún un kọ.

Nígbà tí aṣọ parí, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, torí inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara, kò sì ní síìpù. Ó bu omi ọṣẹ sínú rẹ̀, ó ní kó máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, kó má fi èékánná fà á. Jẹ́jẹ́ há sínú rẹ̀, apá kan jáde, orí kò jáde. Láti inú aṣọ náà ló ti ń béèrè bóyá wọ́n ti sin èèyàn sínú iṣẹ́ wọn rí. Téèpù rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ̀ fi yọjú láti yàrá ẹ̀yìn. Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó há sínú aṣọ. Ó padà sídìí gọ́ọ̀mù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Aṣọ tuntun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ó kọ́kọ́ ya ní ìgúnpá, Téèpù lẹ̀ ẹ́. Ó ya ní orúnkún, ó lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ya ní èjìká, ó gbé e sábẹ́ iná, ó rí i pé etí ibi tó ya náà gún régé.

Ó bi í pé, “Ẹja wo ló ń lo ọ̀bẹ?”

Jẹ́jẹ́ ní àwọn ẹja ìsinsìnyí ti lajú. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá sọ pé òun ò mọ ohun mìíràn tí òun lè mú wá sí ṣọ́ọ̀bù náà tí ìyá rẹ̀ ò ní fi lé òun jáde. Inú Téèpù dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ọmọ òmùwẹ̀ ni, omi òkun kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Láti kékeré ló ti ń lá àlá pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọwọ́ tútù.

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ obìnrin ló ṣe alárinà. Yìnyín ló ń tà fún àwọn apẹja létí omi, Oníyìnyín ni wọ́n sì ń pè é. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú. Ó wọ aṣọ tó dára, ó jókòó lórí ìdì rọ́bà, ó sì ka ìwà àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kì í mutí, kì í pariwo, tí wọ́n bá bú u kì í tètè mọ̀. Ìyá Onírọ́bà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì ń gé aṣọ rẹ̀ lọ.

Ó wá ní, “Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Aṣọ ni mo máa ń gé fún wọn. Mi ò kí ń fún wọn lọ́mọ.”

Oníyìnyín ní, “Ìyá, kò sẹ́ni tí ò ní kú. Èmi tí mò ń ta yìnyín yìí náà máa kú.”

“Ìwọ tó ń ta yìnyín, wọ́n á rí ẹ sin.”

Oníyìnyín dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì lọ. Lọ́jọ́ náà ìyá àti ọmọ jọ jẹun. Nígbà tí Téèpù ń kó àwo, ìyá rẹ̀ sọ ohun tó ti ń sọ láti ìgbà tí ọmọ náà ti gbọ́njú, pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í sún mọ́ ibẹ̀. Téèpù dáhùn pé òun ti gbọ́. Ó wọ yàrá, ó fi ìrọ̀rí bo ojú, ó sunkún ọkùnrin tí kò tíì ṣe nǹkan kan fún un ju pé ó fi ọ̀bẹ ya aṣọ lọ.

Jẹ́jẹ́ ló wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe. Ó fi omi sílẹ̀. Ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́, ó lọ ń ru yìnyín fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Onírọ́bà gbọ́, ó ní ojú ló ń ríran, àwọn á máa wò ó. Ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi wò ó. Téèpù máa ń lọ kí i nínú yàrá tútù tí wọ́n ń kó yìnyín sí, á bá a níbi tó dúró sí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nínípọn, á bi í pé báwo ni, á ní dáadáa ni. Ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáhùn kò sí nílé. Àwàdà rẹ̀ tán. Ó rù, ojú rẹ̀ wọnú. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa wo omi bí èèyàn ṣe ń wo ilé tí wọ́n lé e kúrò.

Téèpù kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Ọkàn kan ń sọ fún un pé ọkùnrin náà kò sí nínú omi, ó wà láàyè, kí ló tún kù? Ọkàn kejì ń sọ pé ọkùnrin tí òun fẹ́ràn kọ́ ni wọ́n tọ́jú sínú yìnyín yẹn. Ó jà á títí, kò sì borí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó gba ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó padà sínú omi.

Jẹ́jẹ́ ní, “Ìyá ńkọ́?”

“Èmi ni mo máa bá wọn sọ̀rọ̀.”

Ìdí tábìlì ìgéṣọ ló ti sọ ọ́. Kò kúnlẹ̀, kò sunkún, ó kàn sọ pé, “Màmá, mo máa fẹ́ ẹ, inú omi ló sì máa wà. Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i. Tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn.”

Ìyá náà gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé bí òun ṣe sọ fún ìyá tòun náà nìyẹn. Ó wá ní, “Tó bá jẹ́ dandan, èmi ni mo máa gé aṣọ tó máa wọ̀. Òun nìkan ni kó máa wọ̀. Kò gbọdọ̀ fi òmíràn wọ omi títí mo fi máa kú.”

Téèpù ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sáré lọ bá Oníyìnyín, Oníyìnyín sì fi ọwọ́ tútù rẹ̀ bò ó lójú méjèèjì, ó ní ìyàwó àwọn ti dé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà gun àga, ó sì sọ ìdì tó wà lókè àjà kalẹ̀, èyí tó nípọn. Ó na án sórí tábìlì. Ó ní kí Téèpù di etí kejì mú kó má baà ká. Téèpù wo rọ́bà náà, ó wo ìyá rẹ̀. Omi tí Jẹ́jẹ́ ń wọ̀ kò tutù tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyá náà mọ̀, ọmọ náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ òjé tí Téèpù máa ń bá gbogbo oníbàárà sọ wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sọ ọ́. Kì í ṣe pé ó bẹ̀rù ìyá rẹ̀. Àdúrà tí ìyá náà ń fi àlùmọ́gàjí náà gbà ni òun náà ń gbà: kí ọkùnrin yìí léfòó, kó léfòó títí láé. Ó di etí kejì mú, àlùmọ́gàjí sì wọ inú rọ́bà náà.

Jẹ́jẹ́ wọ̀ ọ́ níwájú dígí. Ó fi ìka méjì mú apá aṣọ náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Òmùwẹ̀ ni, kò dìgbà tẹ́nìkan bá sọ fún un pé ó nípọn jù. Ó wo Téèpù nínú dígí, Téèpù sì wo ilẹ̀.

Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Òtútù kan ò ní mú mi mọ́ láyé.”

Ìyá Onírọ́bà fọwọ́ tún ọrùn rẹ̀ ṣe. “Á gbé ẹ léfòó.”

“Á gbé mi léfòó, Mà.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Téèpù ò rántí ìgbà tó ti rí i kẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn nínú yàrá kékeré kan níwájú akọ̀wé ìjọba kan tó ń wo aago. Oníyìnyín ló sunkún jù. Yàrá kan tó kọjú sí omi ni wọ́n háyà, aṣọ nínípọn náà sì ń kán tótó nínú balùwẹ̀ wọn lójoojúmọ́, ó fẹ̀ lórí ìkọ́ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Jẹ́jẹ́ kì í rí ẹja kankan mú bọ̀. Ó máa ń fi ṣe àwàdà, ó ní ìyá ìyàwó òun ti sọ òun di pẹ́pẹ́yẹ, orí omi lòun ń wà tí òun ń kí àwọn ẹja láti òkè. Téèpù á rẹ́rìn-ín, á sì sùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wálé, ẹja ńlá, irú èyí tó máa ń gbé ìsàlẹ̀ pátápátá. Jẹ́jẹ́ kò ṣàwàdà pẹ́pẹ́yẹ mọ́. Téèpù ṣàkíyèsí pé kì í gbé bẹ́líìtì òjé rẹ̀ wálé, inú àpótí yìnyín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fi í sí. Ó fẹ́ bi í. Tó bá bi í, á ní láti sọ ohun tó mọ̀ nípa aṣọ náà, á sì ní láti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ náà. Ó bu ẹja fún un, ó sì ń wò ó bó ṣe ń jẹun.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ kò ní ìjì, kò ní ìgbì. Àwọn méjì ni wọ́n máa ń jọ lọ, ọ̀kan á wà lókè tí ìkejì bá wà nísàlẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ yẹn ló wá sọ ọ́, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú omi lára. Ó ní Jẹ́jẹ́ fi ọ̀kọ̀ ta ẹja kan nísàlẹ̀, ó ti ń bọ̀, ó ti sún mọ́ òkè débi pé òun ń rí ojú rẹ̀. Níbi tó yẹ kí aṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn, ojú náà kàn pa dé. Ó ní ẹni tó bá dákú níbẹ̀ máa ń léfòó fúnra rẹ̀, èèyàn á yí i sókè, á mí.

“Ó padà sísàlẹ̀,” ó ní. “Mo tẹ̀ lé e. Mi ò lè bá a.”

Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi gbé e jáde. Wọ́n rí i sin. Ìyá Onírọ́bà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ níbi ìsìnkú náà, ó di apá rẹ̀ mú pinpin, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa omi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Oníyìnyín gbé bẹ́líìtì náà wá sí yàrá Téèpù nínú garawa. Kò mọ nǹkan kan nípa òjé, ó ní ohun tí wọ́n tú kúrò nídìí àbúrò òun ni, òun ò lè máa wò ó. Nígbà tó lọ, Téèpù nawọ́ sínú garawa náà. Ọwọ́ kan kò gbé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí itan, ó sì wo àwọn òjé náà bí wọ́n ṣe tò gbára wọn láti ìdè dé ìdè, àwọn ògbólógbòó tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ àti àwọn tuntun tó ṣì ń dán. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́, kò wọ aṣọ mìíràn. Ó kàn ń wá òjé tó máa tó aṣọ náà, láì jẹ́ kí ojú ti ẹni tó gé e. Ibẹ̀ ni Téèpù ti sunkún tí kò sun níbi ìsìnkú.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó yọ àwọn òjé tuntun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi èyí tó jẹ́ ti aṣọ àtijọ́ nìkan sílẹ̀. Ìyá náà wọlé, ó rí bẹ́líìtì náà, ó ní kó gbé e fún òun. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń wọn nǹkan lọ́jà.

“Èyí ló lò?”

“Òun ni, Màmá.”

“Ó fúyẹ́.”

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni Téèpù ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí òun ṣe. Ọkùnrin tó bá wọ aṣọ nínípọn yẹn pẹ̀lú òjé kékeré yìí, orí rẹ̀ pàápàá kò ní wọ abẹ́ omi. Á máa léfòó láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní pa ẹja kan, kò sì ní kú. Ẹlòmíràn lè gba irọ́ náà gbọ́. Ẹni tó gé aṣọ náà kò lè gbà á gbọ́.

Ìyá Onírọ́bà wo ojú ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá so bẹ́líìtì náà kọ́ sára ìṣó pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó fọwọ́ nù ún.

Ó ní, “Ó dáa. Ẹ ṣé, ọmọ mi.”

Kò pe ọmọ rẹ̀ ní “ẹ” rí. Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá náà gun àga, ó sọ ìyókù ìdì nínípọn náà kalẹ̀, ó na án sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wẹ́lẹwẹ̀lẹ, sí ohun tí kò lè di aṣọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Rọ́bà náà fẹ́ máa ká lọ́wọ́ rẹ̀. Téèpù lọ sí òdì kejì tábìlì, ó sì di etí kejì mú fún un.